Ẹ má fi ọ̀dà kan ibi tí nọ́ọ̀tì ń jókòó sí

Sí Olóòtú ìwé ìròyìn yìí,

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, ẹ sì kú ìnáwó ìwé títẹ̀ ní àkókò tí ohun gbogbo gbówó lórí yìí. Mo ka àkọsílẹ̀ tí ẹ gbé jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn nípa bí àwọn tó ní ọkọ̀ akẹ́rù ṣe lè máa kun ríìmù ọkọ̀ wọn fúnra wọn nínú ọgbà ilé, dípò kí wọ́n máa san owó gọbọi fún àwọn akunkọ̀. Inú mi dùn sí i, nítorí iṣẹ́ tí èmi àti ọmọ mi ọkùnrin, tó ń wa ọ̀kan nínú típà méjì tí mo ní, ti ń ṣe láti ọdún pípẹ́ ni. Àmọ́ ohun kan wà níbẹ̀ tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ tí mo kà á. Òǹkọ̀wé yín gba àwọn ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n kun ríìmù tinú-tẹ̀yìn, kí ọ̀dà náà nípọn, kí irin kankan má ṣe hàn síta. Mo bẹ̀ yín, ẹ fún mi láyè kí n tún ibẹ̀ ṣe, nítorí pé ojú pẹrẹsẹ tí ríìmù fi ń fara ti họ́ọ̀bù, ìyẹn irin tí a ń de ríìmù mọ́, àti etí ihò tí nọ́ọ̀tì ń jókòó sí, kì í ṣe ibi tí a ń kùn bí ẹni kun ògiri. Ẹ̀mí ènìyàn wà níbẹ̀.

Ojú mi ló rí i, kì í ṣe pé wọ́n sọ fún mi. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ báyìí, ní ìparí ọdún, nígbà tí ọyẹ́ ti ń fẹ́, tí gbogbo onímọ́tò sì fẹ́ kí ọkọ̀ òun dán kí ọdún tuntun tó wọlé, tí èmi àti ọmọ mi fi jáàkì gbé típà wa onítáyà mẹ́wàá sókè nínú ọgbà. A tú gbogbo ríìmù rẹ̀ sílẹ̀, a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha wọ́n, a sì kùn wọ́n ní ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà, iwájú àti ẹ̀yìn, lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́ta. Mo rántí pé inú mi dùn débi pé mo pe àwọn aládùúgbò wá wò ó. Lọ́jọ́ kejì tí a dè wọ́n padà, ọmọ mi lọ gbé òkúta wẹ́wẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta nítòsí Abẹ́òkúta, ó sì dorí kọ Ṣàgámù. Kò tíì kọjá Ṣíún tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró kan lẹ́yìn ọkọ̀ lápá òsì, kì, kì, kì, tó máa ń dún ketekete nígbà tí ọkọ̀ bá ń rọra lọ, tí kì í sì í gbọ́ ọ mọ́ bí ó bá ti sáré. Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó pè mí lórí fóònù, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀, ohun tí mò ń wò yìí kò yé mi."

Nígbà tí mo débẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà náà. Nínú nọ́ọ̀tì mẹ́wàá tó di ríìmù ẹ̀yìn lápá òsì mú, mẹ́rin ni mo fi ìka ọwọ́ lásán yí. Bóòtì kan ti gé. Yíká ẹsẹ̀ nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, ọ̀dà fàdákà tí a kùn ti lọ̀ kúnná, ó ti di lẹ́búlẹ́bú dúdú bí ẹ̀tù, ó sì ń kù sílẹ̀ bí mo ṣe ń fọwọ́ kàn án. Nígbà tí a fi jáàkì gbé e tí a sì fa ríìmù ìta kúrò lára ti inú, a rí i pé ọ̀dà tó wà láàárín àwọn méjèèjì ti ká jọ, ó ń bó bí eèpo kókò sísè. Ihò bóòtì méjì tí ó yẹ kó rí róbótó ti fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n rí bí ẹyin. Táyà méjì àti ríìmù wọn tó wà lápá ibì kan ṣoṣo yẹn wúwo ju 200 kílógíráàmù lọ. Mo wo iwájú, mo rí àwọn ìyá tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ lẹ́bàá títì, kò ju ogójì ìṣísẹ̀ sí ibi tí a wà, ẹsẹ̀ mi sì ń gbọ̀n. Bí ọmọ mi bá ti tan rédíò sókè lọ́jọ́ náà ńkọ́?

Mo jẹ́wọ́ pé òun ni mo kọ́kọ́ bú. Mo ní ó ti ṣe ọ̀lẹ, kò fi agbára de nọ́ọ̀tì. Ó ń bẹ̀ mí, ó ń sọ pé òun fi páìpù gígùn kún ọwọ́ sípánà, pé òun tilẹ̀ gun orí rẹ̀. Òtítọ́ ló sọ. Ọ̀gá mẹkáníìkì àgbàlagbà kan tí a pè wá láti Abẹ́òkúta ló là mí lọ́yẹ. Ó fi èékánná ha ọ̀dà lára ríìmù wa, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ní, "Ẹ wò ó, ohun tí ẹ fi sáàárín irin àti irin nìyí, òun ni nọ́ọ̀tì yín dì mú, kì í ṣe ríìmù."

Ọ̀rọ̀ náà nílò àlàyé díẹ̀, ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má gé e kúrú. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé bóòtì ni ríìmù gbé kọ́, bí ẹni gbé ẹ̀wù kọ́ ìṣó. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù tó ń rìn lójú ọ̀nà wa. Ohun tó di ríìmù mú ni pé nọ́ọ̀tì fún un mọ́ họ́ọ̀bù gidigidi débi pé irin kò lè yọ̀ lórí irin. Bí a bá sì ń de nọ́ọ̀tì náà, bóòtì a máa na díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí rọ́bà ṣe ń na, ìfẹ́ tó ń fẹ́ láti sún kì padà yẹn gan-an ló ń fa ríìmù mọ́ra. Nọ́ọ̀tì ńlá tí bóòtì rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 22 ń fẹ́ ìdè bíi 600 sí 700 Newton-mítà, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí i, èyí tó dà bí ìgbà tí ènìyàn tó wọn kílógíráàmù 60 sí 70 bá rọ̀ mọ́ òpin páìpù tó gùn ní mítà kan. Pẹ̀lú gbogbo agbára yẹn, bóòtì náà kò ní na ju nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá mìlímítà lọ. Ẹ mú abala ìwé kan ṣoṣo, ẹ fi ìka méjì dì í mú: bí ìwé yẹn ṣe nípọn tó ni bóòtì ṣe ń na mọ.

Ẹ wá ro ohun tí a ṣe. Lẹ́yìn ọkọ̀, ríìmù méjì ló dojú kọra lórí họ́ọ̀bù kan: ojú ríìmù inú tó fara ti họ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ kejì, ojú ríìmù ìta tó fara tì í, àti etí ihò tí nọ́ọ̀tì tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ojú mẹ́rin nìyẹn, a sì kun ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn tó ń ṣe ríìmù akẹ́rù ní Amẹ́ríkà ní kí ọ̀dà tó wà lórí ojú kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ má ṣe nípọn ju nǹkan bí 0.09 mìlímítà lọ. Tiwa ti kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ẹrù wọ̀ ọ́, tí bíréèkì gbóná, tí ìgbóná náà sì dé ara ríìmù, ọ̀dà náà rọ̀, ó fọ́, ó sì jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ọ̀dà tó nípọn tó abala ìwé kan bá ti jáde, gbogbo nínà tí bóòtì na ti parẹ́ nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì. Ríìmù bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ihò ń fẹ̀, bóòtì ń gé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mi kò jẹ̀bi. Èmi tí mo ní kí ó kùn ún lẹ́ẹ̀kẹta ni mo jẹ̀bi, mo sì ti bẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, bí a ṣe ń ṣe é nílé wa báyìí nìyí. Kí a tó gbé ọ̀dà rárá, a máa ń gé páálí róbótó tó fẹ̀ ju ojú họ́ọ̀bù lọ díẹ̀, a ó fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú pẹrẹsẹ ríìmù níwájú àti lẹ́yìn, a ó sì ká ìwé ìròyìn àtijọ́ ṣinṣin sínú ihò bóòtì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dà tó ti wà níbẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe ríìmù náà fẹ́lẹ́, kò sì ní ìjàǹbá, a kì í fọwọ́ kàn án àfi bí ó bá ti ń bó. Bí ọ̀dà tí ẹlòmíràn kùn bá wà lórí rẹ̀, a ó ha á kúrò títí irin yóò fi hàn. Ojú họ́ọ̀bù náà ńkọ́? A ó ha ìpẹtà kúrò lára òun náà, nítorí pé ìpẹtà tó dì bí èèpá ń ṣe ohun kan náà tí ọ̀dà ń ṣe. Àwọn kan máa ń fi gíríìsì pa ojú yẹn kó má baà dípẹtà, àmọ́ èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí irin tó ń yọ̀ kọ́ la ń wá níbẹ̀.

Ohun mìíràn tí àkọsílẹ̀ yín fò dá, ìyẹn sì lè pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀, ni ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ inú táyà. Àwọn táyà olójú 20, irú èyí tí típà àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àjàgbé ń lò, a máa wà lórí ríìmù tí kì í ṣe irin ẹyọ kan. Ó ní òrùka irin tó de eteetí rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú táyà náà sì ń ti òrùka yẹn síta pẹ̀lú agbára bí 100 sí 120 ní ìwọ̀n tí àwọn fọkanáísà ń kà lórí géèjì wọn. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ibi tí òrùka náà há sí, tàbí bí ríìmù bá ti sán, nọ́ọ̀tì tí ẹ ń tú lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó kù tó di gbogbo rẹ̀ mú. Mo mọ fọkanáísà kan tí òrùka bẹ́ẹ̀ gé apá rẹ̀, ọlọ́run sì ṣàánú rẹ̀ pé kì í ṣe orí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fi sípánà kan nọ́ọ̀tì kan, kí ó yọ abẹ́rẹ́ inú fáàfù kúrò pátápátá, kí afẹ́fẹ́ tú tán, lára táyà ìta àti lára ti inú pẹ̀lú. Inú àgọ́ irin ní ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà, èyí tó ń dá òrùka dúró bí ó bá fò yọ, nìkan la ti lè fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i padà. Títú òrùka náà, iṣẹ́ fọkanáísà ni, kì í ṣe iṣẹ́ ilé. Mi ò sì fẹ́ gbọ́ pé ẹnì kan gbé iná wẹ́ẹ́dà tàbí iná gáàsì sún mọ́ ríìmù tí táyà ṣì wà lórí rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ti tú afẹ́fẹ́ rẹ̀, nítorí pé rọ́bà tó ń gbóná nínú á máa tú gáàsì tó lè gbiná, á sì bú bí bọ́ǹbù.

Ní ti híha ìpẹtà àti ọ̀dà àtijọ́, mo fẹ́ bá àwọn ìyá àti bàbá sọ̀rọ̀ ju àwọn awakọ̀ lọ. Nílé ni a ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ilé sì ni àwọn ọmọdé wà. Ọ̀dà àtijọ́, pàápàá èyí tó jẹ́ àwọ̀ ìyeyè tàbí pupa, lè ní òjé, irin olóró, nínú. Bí a bá fi sáńpépà gbígbẹ ha á, ekuru rẹ̀ á bà sórí ilẹ̀ tí ọmọ ń rákò lé, sórí aṣọ tí a sá, sínú ìkòkò tí a kò dé. Gbogbo wa la gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Zamfara lọ́dún 2010, nígbà tí àwọn ọmọdé tó lé ní 400 kú nítorí òjé. Kì í ṣe ọ̀dà ló fà á níbẹ̀, òkúta tí wọ́n ń wá wúrà nínú rẹ̀ ni, àmọ́ nínú agbo ilé ni ọ̀pọ̀ ti ń lọ̀ ọ́, níbi tí ìyá ti ń dáná tí ọmọ sì ti ń ṣeré. Ọ̀nà kan náà ni òjé ń gbà wọ ara ọmọ, láti ọwọ́ sí ẹnu. Sáńpépà olómi ni kí ẹ lò, kí ẹ máa bu omi sí i bí ẹ ṣe ń ha á, kí ẹ tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kó gbogbo ìdọ̀tí náà dànù jìnnà sí kànga. Ẹni tó ṣiṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ bọ́ aṣọ rẹ̀ kí ó tó gbé ọmọ.

Bẹntiróòlù tí ọ̀pọ̀ ń fi nu gíríìsì kúrò lára ríìmù kò yẹ kó wọ ọgbà ilé rárá. Oru rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rìn, á sì rìn títí dé ibi tí ẹnì kan ti ń dín àkàrà. Omi gbígbóná àti ọṣẹ tó, kí ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ nínú oòrùn.

Kíkùn gan-an kò le. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń dènà ìpẹtà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ọ̀dà dídán lẹ́ẹ̀mejì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ti tó. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. Ọ̀dà tí wọ́n ń po pẹ̀lú kẹ́míkà tó ń mú ọ̀dà le kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ fọ́n ọn, ẹ fi sílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù akunkọ̀ tó ní ìbòmú tó péye, nítorí pé kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní isocyanate tó wà nínú rẹ̀ ń fa ikọ́ fée, aṣọ tí a dì mọ́mú kò sì dá a dúró. Nígbà òjò, ọ̀dà tí a kùn ní ìrọ̀lẹ́ máa ń funfun bí eérú kó tó gbẹ. Nígbà ọyẹ́, ekuru ló ń bà lé e. Òwúrọ̀, nígbà tí ìrì ti gbẹ tí irin kò sì tíì gbóná, ló dára jù. Ẹ má ṣe kun fáàfù, ẹ má ṣe kun ara bóòtì níbi tí nọ́ọ̀tì ń yí gùn, ẹ má sì ṣe kun inú ibi tí òrùka irin há sí nípọn.

Mo tún fẹ́ kí ẹ sọ fún àwọn òǹkàwé yín pé ọ̀dà lè jẹ́ irọ́. Bí ríìmù bá ti sán, ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ hàn láti ihò bóòtì tàbí láti etí àwọn ihò ńlá tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Bí ìpẹtà bá sì ń ṣàn bí omijé láti ìdí nọ́ọ̀tì, nọ́ọ̀tì náà ti tú nìyẹn, tàbí ó ti ń tú bọ̀. Irin ló ń bá wa sọ̀rọ̀. Mo ti rí àwọn tó ń ta ọkọ̀ àlòkù tí wọ́n kun ríìmù sísán ní dúdú kirikiri ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ tí oníbàárà yóò dé. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá: ẹ kọ́kọ́ ha á mọ́ títí irin yóò fi hàn, ẹ wò ó lójú ọ̀sán, ẹ fi ìka tọ ihò kọ̀ọ̀kan, bí ẹ bá sì rí ibi tó sán, ẹ má ṣe gbé e lọ fún wẹ́ẹ́dà, ẹ ra òmíràn. Funfun tàbí fàdákà ni kí ẹ fi kun èyí tó bá yè, nítorí pé wọn kì í bo ìlà pupa yẹn mọ́lẹ̀ bí dúdú ṣe ń bò ó. Bó bá ṣeé ṣe fún mi láti bá gbogbo àwọn tó ní ọkọ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí ni ǹ bá sọ.

Olóòtú, mo rọ̀ yín kí ẹ tún ọ̀rọ̀ náà gbé jáde lójú ìwé kan náà tí ti àkọ́kọ́ wà, kí ẹ sì ya àwòrán ríìmù sí i, kí ẹ fi àmì sí ibi tí ọ̀dà kò gbọ́dọ̀ dé, nítorí pé ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ń wo àwòrán kó tó ka ọ̀rọ̀. Oṣù Kejìlá ń bọ̀, ìgbà yẹn sì ni ọ̀pọ̀ yóò gbé ọ̀dà. Mo tún bẹ àwọn tó ní ọkọ̀ pé kí wọ́n má ṣe lé awakọ̀ wọn jáde pẹ̀lú ẹrù ní ọjọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ de ríìmù tuntun kíkùn. Kí ọkọ̀ kọ́kọ́ rìn, lẹ́yìn kìlómítà 80 sí 160 kí wọ́n tún fi sípánà kan gbogbo nọ́ọ̀tì. Nílé wa, lẹ́yìn tí a bá ti dè wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ mi máa ń mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń yàwòrán, á tì í bọ inú ọ̀dà pupa, á sì fa ìlà kan ṣoṣo láti orí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan dé ara ríìmù. Bí ó bá jí láàárọ̀, kí ó tó gun ọkọ̀, á tan tọ́ọ̀ṣì yí i ká. Níbi tí ìlà náà bá ti já, nọ́ọ̀tì yẹn ti yí, ọmọ mi kò sì ní gbé ọkọ̀ jáde títí yóò fi mọ ohun tó yí i.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Onítípà kan ní Abẹ́òkúta